Bí Mo Ṣe Wá Oògùn Orúnkún Ẹ̀gbọ́n Mi Dé Ilé Ìyá Oríkèé

Ẹ sún wọlé díẹ̀ sí i kí òjò má baà máa ta sí yín lára. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí gbà yín. Baba mi ló kọ́ ọ, kò sì kọ́ ọ fún èmi nìkan. Ẹni tó bá rí àpótí kó jókòó sórí àpótí, ẹni tí kò bá rí kó tẹ́ ẹní. Ẹ má wo ẹsẹ̀ tí mo nà gbọọrọ yìí o, ó wù mí kí n nà án ni. Ọkùnrin tó ti gun ẹfọ̀n láàyè rí lẹ́tọ̀ọ́ láti na ẹsẹ̀ rẹ̀ síbi tó bá wù ú nínú ilé baba rẹ̀. Ẹ má sì fi ìkòkò tó wà lábẹ́ ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Mo mọ̀ pé ó wọ́, mo mọ̀ pé ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìtàn rẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ sọ fún yín títí òjò yóò fi dá.

Èmi Ògúnmọ́dẹdé, ọdẹ ọmọ ọdẹ, mo ti pa ẹran tí ẹ kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Mo ti bá iwin jẹun nínú abọ́ kan náà, mo sì jẹ ẹran tó wà nísàlẹ̀ ọbẹ̀ mọ́ ọn lójú. Ṣùgbọ́n ìrìn àjò tó le jù nínú gbogbo èyí tí mo rìn, kì í ṣe ẹran ni mo bá lọ. Oògùn orúnkún ni mo wá lọ. Ẹ ti rẹ́rìn-ín tán? Ó dára, ẹ jẹ́ kí n máa bá a lọ.

Ẹ mọ ẹ̀gbọ́n mi, Ọdẹ́bùnmi amọ̀kòkò. Ìkòkò tí ẹ fi ń tọ́jú omi nílé yín, ọwọ́ rẹ̀ ló ti wá. Ìyá wa kú nígbà tí mo ṣì ń rá, Ọdẹ́bùnmi ló sì gbé mi pọ̀n nígbà tí òun náà kò tíì ju ọmọdé lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà tí mo ti kọ́kọ́ rí ayé. Ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe ń mọ ìkòkò nílùú wa. Ìkòkò kì í yí, ẹni tó ń mọ ọ́n ló ń yí. Amọ̀kòkò á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á máa fi ẹ̀yìn rìn yí amọ̀ ká, á máa fi ọwọ́ fa ẹnu ìkòkò náà bọ̀ títí yóò fi rí bó ṣe yẹ kó rí. Láti ìgbà ọmọge ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń yí ìkòkò ká, títí orí rẹ̀ fi funfun. Bí a bá na gbogbo ìrìn yẹn gùn, ì bá dé etí òkun, ṣùgbọ́n ojú kan náà ni obìnrin yìí wà.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Làkúrègbé kọ́kọ́ wọ orúnkún rẹ̀, ó ṣe bí àlejò tí kò ní pẹ́ lọ. Nígbà tó yá, ó gun ìgbáròkó, ó sì tẹ́ ẹní síbẹ̀. A ó bi í pé, ṣé ara le? Yóò ní, a dúpẹ́. A ó ní, ó dà bíi pé ẹsẹ̀ ń dùn yín. Yóò ní kò sí nǹkan kan, ìjókòó ló pẹ́. Títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí amọ̀ gbẹ lábẹ́ aṣọ tí wọ́n fi bò ó, tí Ọdẹ́bùnmi kò jáde wá. Àwọn oníbàárà dé, ó rán wọn níṣẹ́ láti inú iyàrá pé amọ̀ ọdún yìí kò dára. Láti ọjọ́ náà, inú iyàrá ló ń gbé, inú iyàrá ló ń jẹun.

Ẹ̀rù bà mí, n kò lè purọ́ fún yín. Mo ti rí ẹran tó farapa tó wá ibòji jókòó sí. Bí ó bá jókòó pẹ́ jù, ọgbẹ́ rẹ̀ lè jinná, síbẹ̀ kò ní í dìde mọ́, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń fẹ́, pé kí ẹ̀gbọ́n mi tún fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde ní iyàrá yẹn kó tó di pé ẹsẹ̀ náà gbàgbé. Ni mo bá tọ olórí àwa ọdẹ lọ, Baba Ọdẹ́yalé. Ó ní nínú igbó tó wà lẹ́yìn igbó, obìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìyá Oríkèé, pé kò sí ibi tí eegun ti pàdé eegun lára ènìyàn tí obìnrin náà kò mọ̀. Mo gbé ìbọn, mo gbé àpò, mo sì kọrí sí ọ̀nà.

Igbó Ìjókòópẹ́ ni mo kọ́kọ́ wọ̀. Ẹ̀yin ará, igbó yẹn tutù, ó sì rọ̀ lẹ́sẹ̀. Lábẹ́ igi kọ̀ọ̀kan ni iwin kan jókòó sí, wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi, wọ́n ní, "Baba ọdẹ, ó ti rẹ̀ yín. Ẹ jókòó." Ohùn wọn dùn. Mo bi ọ̀kan nínú wọn pé kí ló ń ṣe níbẹ̀. Ó ní, "Èmi ni ẹsẹ̀ mi yá jù nínú gbogbo iwin ayé. Èmi ni ìránṣẹ́ ọba wọn. Ọjọ́ kan ni orúnkún dùn mí, mo ní kí n sinmi díẹ̀."

Mo ní, "Láti ìgbà wo?"

Ó ní, "N kò tíì sinmi tán ni."

Mo wo ìdí rẹ̀, mo rí i pé ó ti ta gbòǹgbò. Koríko ti hù láàárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹyẹ sì ti kọ́ ilé sí èjìká rẹ̀. Ibi tí mo ti ń wò ó, n kò mọ ìgbà tí èmi náà jókòó. Mo kàn gbọ́ tí nǹkan ń rìn mí nídìí ni. Gbòǹgbò ti ń jáde. Ṣé ẹ rò pé ẹ̀rù bà mí? Ojú tó ti rí òkun kò ní í rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Mo pe orúkọ baba mi, mo fa ara mi yọ ní ẹ̀ẹ̀kan náà, ara mi bá mi wá, ṣùgbọ́n ìdí ṣòkòtò mi kò bá mi wá. Ó wà níbẹ̀ di òní. Kí ẹnikẹ́ni má rẹ́rìn-ín, ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Mo jáde nínú igbó náà, mo bọ́ sí Ìlú Gbogboǹṣe. Nílùú yẹn, kò sí ẹni tó ń dá oko, gbogbo wọn ló ń ta oògùn. Bí wọ́n ti rí mi ni wọ́n ń kígbe pè mí láti ojú ọ̀nà méjèèjì. Ọ̀kan ní tòun ń wo làkúrègbé, ó ń wo ìgbẹ́ gbuuru, ó ń mú àgàn bímọ, bí ìyá ọkọ bá sì kórìíra ẹni, kí a kán an sí omi ìwẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ohùn rẹ̀ ròkè jù jókòó sórí àga gíga, ó gbé ìgò kékeré kan sókè. Ó pe baba àgbàlagbà kan tó ń tiro kọjá, ó da oògùn náà sí i lẹ́nu. Ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí. Baba náà ju ọ̀pá rẹ̀ sọnù, ó fò sókè, ó sáré láti òkè ọjà dé ìsàlẹ̀ ọjà, gbogbo ìlú ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Mo ti ń na ọwọ́ gba ìgò náà, inú mi ń dùn. Ṣùgbọ́n ọdẹ ni mí, ẹran tó bá sáré, mo máa ń tẹ̀lé e láti mọ ibi tí yóò ṣubú sí. Mo tẹ̀lé baba náà. Ó sáré títí kò mọ̀ pé eegun òun ti ń lọ̀ mọ́ra wọn, nítorí kò dùn ún mọ́. Lẹ́yìn ọjà ló ti wó lulẹ̀, kò sì lè dìde. Nígbà tí mo gbójú sókè, àwọn bíi tirẹ̀ ni mo rí tí wọ́n tò lọ lẹ́yìn ọjà náà, gbogbo wọn ń sọ pé kò sí ibi tó ń dùn wọ́n.

Mo padà tọ olóògùn lọ. Mo ní, "Ìwọ alára ńkọ́, ṣé o ń lò ó?" Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní, "Èmi? Wọ́n máa ń gbé mi wá síbí láràárọ̀ ni." Mo wá ronú lójú ọ̀nà pé ìrora dà bí ajá tó ń gbó lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ará ìlú yìí ti pa ajá, olè sì wà nínú ilé síbẹ̀.

Odò kan ló kù tí mo ní láti kọjá. Ẹbọra ẹlẹ́sẹ̀ kan ló ń ṣọ́ afárá rẹ̀, ẹsẹ̀ kan náà sì nípọn ju ìdí àràbà lọ. Ó ní kò sẹ́ni tó ń kọjá láìjá àlọ́ òun. Ó ní, "Ẹrú méjì ru ọba láti kékeré. Ọba kò kí wọn, kò bẹ̀ wọ́n wò, kò mọ orúkọ wọn. Ọjọ́ tí wọ́n kígbe ni ọba tó mọ̀ pé lẹ́yìn wọn òun kò ní ìjọba. Kí ni o?"

Mo ní, "Orúnkún ni."

Ó bojú jẹ́, ó ní ta ló sọ fún mi. Mo ní kò sẹ́ni tó sọ fún mi, pé mo ní ọba kan nílé tí kò lè jáde ní iyàrá. Ojú ro ẹbọra náà. Ó yẹ̀ fún mi, ó tilẹ̀ fi ọwọ́ hàn mí ibi tí pákó afárá ti jẹrà.

Báyìí ni mo ṣe dé ilé Ìyá Oríkèé. Ilé kékeré ni, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ mọ́ tónítóní. Obìnrin arúgbó kan yọjú sí mi, ó dì mọ́ férémù ilẹ̀kùn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un.

Ó ní, "Dìde, ọmọ mi. O kú ìrìn. Ṣé ara le?"

Mo ní, "Ara le, Ìyá. A dúpẹ́."

"Ilé ńkọ́?"

"Àlàáfíà ni wọ́n wà."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin ńkọ́?"

"Wọ́n wà dáadáa. Wọ́n ní kí n kí yín."

Ó ní, "Ó dára bẹ́ẹ̀. Bá mi kí i nígbà tí o bá délé." Ó sì ti ilẹ̀kùn.

Mo dúró bí ẹni tí wọ́n da omi tútù sí lára. Mo kan ilẹ̀kùn títí, kò dáhùn. Ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ni mo sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó tún yọjú, ó ní, "Ṣé a jí dáadáa?" Kí n tó mọ ohun tí mo ń wí, ẹnu tí mo fi ń jẹ iyán ti sọ pé, "Dáadáa la jí, Ìyá, a dúpẹ́." Ilẹ̀kùn tún padé. Ẹ ń rẹ́rìn-ín mi, àbí? Èwo nínú yín ni kò ní í wí bẹ́ẹ̀? Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó, bí a bá kí i, ó di dandan kó kọ́kọ́ dúpẹ́ kó tó bèèrè omi.

Nígbà tó yọjú lẹ́ẹ̀kan sí i, mo fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu mi títí ọ̀rọ̀ àṣà yẹn fi kọjá lọ, mo wá ní, "Ìyá, àlàáfíà kọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kò lè rìn mọ́. Ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, wọn kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ó ṣí ilẹ̀kùn gbayawu. Ó ní, "Ẹni tó dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Wọlé. Ẹsẹ̀ wo ló ń dùn ún?"

Mo ní, "N kò mọ̀."

"Ṣé òwúrọ̀ ló ń le ni, àbí ìrọ̀lẹ́?"

"Wọn kò sọ fún wa rí."

"Ṣé tí ó bá ń rìn ló ń rọ̀ ọ́, àbí tí ó bá sinmi?"

Ó wò mí, ó ní, "O la igbó, o la odò, o kò mọ ohun tí o wá wá." Ó ti di ilẹ̀kùn mú láti tì í. Ẹ̀yin ènìyàn, ojú tì mí, ọkàn mi sì bàjẹ́, mo rí ẹ̀gbọ́n mi nínú iyàrá yẹn bí ẹni tó ti ta gbòǹgbò. Mo sorí kọ́, mo ń wo ilẹ̀. Ilẹ̀ tí mo ń wò yìí ló yọ mí.

Ṣé ẹ rí i, àárọ̀ kùtù ni wọ́n máa ń gbá àgbàlá wa, ọdẹ kì í sì í rí ipasẹ̀ lórí iyẹ̀pẹ̀ kó má kà á. Ojú mi ti ń kà á fún ọdún gbọọrọ láìjẹ́ pé mo rán an níṣẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú Ìyá Oríkèé, mo fi ìka ya ipasẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi sínú eruku. Mo ní, "Ẹ wò ó. Ti òsì tẹ̀ délẹ̀. Ti ọ̀tún, iwájú ẹsẹ̀ nìkan ló tẹ̀, ìka ẹsẹ̀ sì ń wọ́ nílẹ̀. Láàárọ̀, ìṣísẹ̀ wọn kéré bí ti ọmọ tó ń kọ́ ìrìn, àtẹ́lẹwọ́ wọn sì wà lára ògiri dé ibi ìkòkò omi. Bí oòrùn bá yọ, ìṣísẹ̀ á gùn díẹ̀. Tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ mọ ìkòkò títí di ìrọ̀lẹ́, á tún kéré. Bí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi tí a ti ń wa amọ̀, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n fi ń sọ̀. Ojú ọ̀pá wọn wà ní ọ̀tún. Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, kò sí ipasẹ̀ wọn rárá." Bí mo ti ń wí ni omi ń bọ́ lójú mi sórí eruku náà. Gbogbo rẹ̀ ni mo ti rí, n kò kàn mọ̀ pé mo rí i ni.

Ìyá Oríkèé wo ohun tí mo yà. Ó ní, "Ìgbáròkó ọ̀tún ló burú jù, orúnkún ọ̀tún sì ń bá a ru ẹrù. Ọ̀pá rẹ̀ kò sí níbi tó yẹ. Ọwọ́ òsì ni kó fi mú un, kí ọ̀pá lè gba ẹrù lára ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Kí ó tó dìde láàárọ̀, kí ẹ rẹ aṣọ sínú omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́, kí ẹ gbé e lé ibi tó ń dùn ún. Kí ẹ po òrí mọ́ ata-ilẹ̀, kí ẹ máa fi pa á. Kí ó máa rìn díẹ̀ lójoojúmọ́, kí ó má rìn títí yóò fi wó, kí ó má sì jókòó títí yóò fi gan."

Mo ní, "Nígbà wo ni yóò wá sàn pátápátá?"

Ó ní, "Kò ní í sàn pátápátá."

Inú bí mi. Mo ní, "Mo fi ìdí ṣòkòtò mi sílẹ̀ nínú igbó, mo jáwọ́ nínú oògùn tó ń mú arúgbó sáré, ẹ wá ní kò ní í sàn?"

Kò bínú. Ó rọra dìde lórí àpótí rẹ̀, mo sì gbọ́ bí oríkèé rẹ̀ gbogbo ṣe ń ró bí igi gbígbẹ tí wọ́n ń ṣẹ́. Ó ní, "Ta ló sọ fún ọ pé èmi ń lé ìrora jáde nílùú? Ó dùn mí láàárọ̀ yìí. Mo fi omi gbígbóná sí i, mo rìn dé odò, mo pọn omi tí agbára mi ká, mo padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni yóò rí lọ́la. Eegun tó ti jẹ kì í padà di ti ọmọge, ṣùgbọ́n ènìyàn lè gba ọjọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ìrora. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn pẹ̀lú, kí àwọn dókítà fi ẹ̀rọ wo inú eegun náà, ojú tèmi kì í ríran débẹ̀. Sọ fún un kó máa jókòó sórí àpótí gíga mọ ìkòkò, kí amọ̀ wà lórí àpáàdì níwájú rẹ̀, kó máa fi ọwọ́ yí i. Ó ti yí ìkòkò ká tó, kí ìkòkò náà máa yí fún un. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí yóò ṣiṣẹ́ tí kò bá kọ́kọ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó ń dun òun."

N kò ní í fi ọ̀nà ìpadàbọ̀ da yín láàmú. Mo délé, mo wọ iyàrá ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní, "Ògúnmọ́dẹdé, káàbọ̀. Ṣé o rìn re?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ara yín le?"

Ó ní, "A dúpẹ́."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ní, "Ìgbáròkó ọ̀tún ni. Àárọ̀ ló máa ń le jù. Ẹ máa ń di ògiri mú dé ibi omi. Tí òjò bá rọ̀ mọ́jú, ẹ kì í lè jáde."

Ó ní, "Ta ló sọ fún ọ?"

Mo ní, "Ilẹ̀ ló sọ fún mi."

Ó fi etí ìró rẹ̀ bo ojú. Ó ní, "Mo rò pé bí mo bá wí, ẹ ó ní mo ti di ẹrù sí yín lọ́rùn. Èmi tí mo pọ̀n ọ́." Ó wá ní, "Ó ń dùn mí, Ògúnmọ́dẹdé. Ó ń dùn mí gan-an ni." Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi." Mo fi orí mi lé orúnkún òsì rẹ̀, èyí tó ṣì le, a jọ sunkún, ara sì tù wá lẹ́yìn rẹ̀.

A ṣe gbogbo bí Ìyá Oríkèé ti wí. Àwọn dókítà wò ó, wọ́n fún un ní oògùn tirẹ̀. Ó gba ọ̀pá sí ọwọ́ òsì. Ti ìkòkò yìí ló dá ìjà sílẹ̀, ó ní láti ìgbà ìyá ìyá wa, kò sí amọ̀kòkò tó jókòó bí ìyàwó tuntun kí amọ̀ máa yí fún un. Ó bá mi jà, ó bá àpáàdì jà, níkẹyìn ó jókòó sórí àpótí gíga nínú ìbínú, ó mọ èyí tí ẹ rí lábẹ́ ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ yẹn. Ó wọ́, ó sì tẹ̀ sí apá ọ̀tún. Ó fẹ́ fọ́ ọ, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Fún èmi, kò sí ìkòkò tó dára jù ú lọ nílùú yìí, nítorí òun ni ẹ̀gbọ́n mi fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde wá mọ. Àwọn tó tẹ̀lé e kò wọ́ mọ́. Ẹ máa ń rà wọ́n.

Òjò ti dá. Ẹ lè máa lọ, kí ẹ rọra tẹlẹ̀, ẹnu ọ̀nà ń yọ̀. Kí lo wí, Ìyá Dérìn? O ní èmi alára ńkọ́, ṣé ara le? Ha, ara le dáadáa, a dú...

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn láti ìgbà wo, pẹ̀lú amọ̀ lọ́wọ́ yín? Mo gbọ́, mo gbọ́. Ẹ má fi ọ̀pá na ilẹ̀ mọ́.

Orúnkún òsì ni, Ìyá Dérìn. Ó ti ń dùn mí láti ìgbà tí òjò ti ṣú, òun ló jẹ́ kí n nà án. Wá, ràn mí lọ́wọ́ kí n dìde.